Kóòtù Ọlọ́wọ́ Òsì Méjì

3.

…ó sì fi àtàǹpàkò pa ìlà ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́. Ìlà tirẹ̀ ni o, tó fara balẹ̀ fà. Ẹ̀gbọ́n ti yọjú wo tábìlì àbúrò rẹ̀, ó rí i pé ìlà àwọn méjèèjì ò bára mu, ó ní, á jẹ́ pé òun lòun ṣì í. Ló bá fa irú ti àbúrò síbẹ̀, ó sì gé ọwọ́ kejì kóòtù rẹ̀.

4.

(Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́)

Ọ̀GÁ Ń WÁ ẸNI TÍ YÓÒ MÁA GÉ KÓÒTÙ.
ẸNI KAN ṢOṢO.
ẸNI TÓ KÙ Á MÁA RÁN BỌ́TÌNÌ.

1.

(Ó pẹ́ kó tó dé, ẹ má bínú.)

Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bàbá wọn sọ fún àlejò pé, "Àbúrò ló ní ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n lágbára ṣá." Àlejò ti lọ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ò lọ.

5.

Owú ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Bí àbúrò bá ti gbé àlùmọ́gàjí, Ẹ̀gbọ́n á ti yọjú wò ó. Síbẹ̀, àbúrò tó ń jowú rẹ̀ yìí náà ló gbà gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ̀gbọ́n ò ríran.

6.

Kóòtù méjì. Ọwọ́ mẹ́rin.

Òsì. Òsì.          Òsì. Òsì.

7.

Ọ̀GÁ: Bẹ́ ẹ bá ti gé ọwọ́ kan, ẹ ó dojú bébà tẹ́ ẹ fi ń fa ìlà dé kẹ́ ẹ tó gé ìkejì, kó lè jẹ́ ọ̀tún. Ta ni ò dojú ẹ̀ dé?

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú, mà.

(Ọ̀gá gbé aṣọ Ẹ̀gbọ́n síbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í tán bọ̀rọ̀ lára aṣọ dúdú.)

Ọ̀GÁ: Ìlà kan wà lábẹ́ èyí. Òun gan-an ló tọ̀nà. Ta ló fà á?

ÀBÚRÒ: Àwa méjèèjì la jọ…

Ẹ̀GBỌ́N: Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á.

Ọ̀GÁ: Ta ló wá pa á rẹ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi náà ni.

8.

Ọ̀gá pòṣé. Ó ní òun ti rí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, òun ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n tó tún ń wo ti ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, òun ò rírú ẹ̀ rí. Ó fún wọn láṣọ tuntun, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tó bá gé e re ló ni iṣẹ́ náà.

9.

Inú Ẹ̀gbọ́n dùn pé àbúrò òun ṣì í.

Ojú tì í pé inú òun dùn.

Inú rẹ̀ tún dùn.

10.

ÀBÚRÒ (nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, láti tábìlì kejì): Ẹ̀gbọ́n mi

ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ yín kúrò díẹ̀

ÀBÚRÒ: Mi ò rí ìlà yín

11.

Ẹ̀gbọ́n kà á. Ó tún un kà. Láti kékeré, kò sẹ́ni tó yọjú wo tirẹ̀ rí.

Ó ti dojú bébà dé. Ó ti fa ìlà. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń yún un, ó fẹ́ pa á rẹ́.

Ó fi àtàǹpàkò náà bọ ihò àlùmọ́gàjí.

Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lórí ìlà náà