Orí Máṣíìnì Fàsásì

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìwà òmùgọ̀ Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun náà kì í fi pa mọ́. Ẹnu rẹ̀ ló ń gbé Ràbíátù ọmọ rẹ̀ lọ sí Kùmásì, òun náà ló tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹrù ọmọ mọ́ lọ́rì l'Ọ́jà'ba láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré ló lò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tó lọ kí Sàídì, ọkọ Ràbíátù, tó ń taṣọ níbẹ̀. Bó ti bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀, ó rò pé awakọ̀ ti yí wọn padà sílé ni. Ilà Ìbàdàn rèé, ilà Ògbómọ̀ṣọ́ rèé, àwọn ọmọ wa sì ń kan páànù sórí ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jó lójú títì títí ìró fi tú, ó ku tòbí. Àwọn obìnrin ilẹ̀ náà tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ń wò ó. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó ní wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni.

Nígbà tó padà dé Bẹ́yẹrúnkà, agbo ilé ò sinmi lẹ́nu rẹ̀: ojoojúmọ́ làwọn èèyàn wa ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún! Ọ̀rọ̀ yìí ni Ràbíátù gbọ́ tó fi palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, tó sì pọn ọmọ oṣù mẹ́rin.

Ibi tí Àtọ́kẹ́ ti ń fa okùn ẹrù láàárọ̀ yìí ló ti rí Fàsásì, télọ̀ ọmọ Bẹẹrẹ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sàídì ní Kùmásì. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn, ẹrù wúwo léjìká. Àtọ́kẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó wo ló ń lé e bọ̀ tí kò fi lè dúró de Iléyá. Fàsásì kúnlẹ̀ gbẹ́rù sílẹ̀. Aṣọ tó fi wé e ṣí. Orí máṣíìnì ni.

Ogún ọdún ni Fàsásì ti ń wálé ọdún. Rédíò ló máa ń gbé bọ̀, tàbí bàtà. Télọ̀ tó ń padà lọ kì í tú orí máṣíìnì kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, Ìyá." Ó bojú wẹ̀yìn. "Onílé mi ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọlé, ó ń wọn yàrá mi fún bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ̀. Mo jókòó, mò ń jẹun. Kò bú mi o. Ó ní kí n máa bá oúnjẹ mi lọ."

"Sàídì ńkọ́?"

"Ó ní àwa tá a pọ̀ tó yìí, ta ló lè lé wa? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra páànù."

Àlejò lójú, kò fi ríran. Àtọ́kẹ́ wá mọ̀ pé kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ló pa àwọn obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà lẹ́nu mọ́. Iye ilé tá à ń kọ́ ni wọ́n ń kà.

Awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀, èéfín bo gbogbo ẹsẹ̀ òkè Mápó. Àtọ́kẹ́ di pákó ẹ̀gbẹ́ lọ́rì mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀. Ràbíátù yọrí, ó ń tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Màámi, gbogbo ilé ló ti ṣàdúrà fún wa. Ó ku tiyín."