Gíríìsì Díẹ̀

Táyà iwájú kọ̀, kò yí. Ìmọ́lẹ̀ fi gbogbo agbára ti alùpùpù náà, àmọ́ wíwọ́ ni táyà ọ̀hún ń wọ́ nílẹ̀, tó ń fa ilà jíjìn sínú yanrìn àgbàlá wọn ní Elelenwo. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀. Tó bá máa fi di ọ̀sán, Ovunda, àbúrò ìyá rẹ̀, á ti dé láti Isiokpo láti wá gbé e. Ìyá rẹ̀ ló fi ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ pé kó máa gùn ún lọ sóko ẹ̀gẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò nígboro Port Harcourt ni alùpùpù náà ti wà lábẹ́ páànù, tí òjò ń fẹ́ sí i lára.

Ẹni tó ni ín jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Gbọ́lágadé lorúkọ bàbá náà. Ọmọ Ìwó ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e dé ìlú yìí, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ ìyàwó. Alùpùpù yìí ló ń gùn lọ sílé ẹ̀kọ́ títí ìjọba fi lé ọ̀kadà, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí òjò ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà náà.

Dókítà ní kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀, pàápàá ní èdè tó fi dàgbà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Pijin ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ọmọ Ikwerre, kò gbọ́ Yorùbá kọjá “ẹ káàárọ̀”. Ìmọ́lẹ̀ ń gbọ́ ọ ní tirẹ̀, àmọ́ Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, bó bá sì fẹ́ sọ ọ́, ohùn a máa yà bàrà mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré, bó bá ti ṣi ohùn kan gbé, bàbá á dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀, á ní kó tún un pè. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọbìnrin, ó sú u. Bàbá ń sọ Yorùbá sí i, Pijin ló fi ń dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí àìsàn fi dé, tí ẹnikẹ́ni kò sọ Yorùbá nínú ilé náà mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ mọ̀ pé bíréèkì ló di táyà mú. Ó ti bá bàbá rẹ̀ di sípánà mú rí. Ó lọ gbé àpótí irinṣẹ́ wá, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa táyà yọ, ó sì ṣí ibi tí bíréèkì wà láàárín rẹ̀. Ó fi aṣọ tútù nu eruku dúdú tó kún ibẹ̀. Bíréèkì súù méjèèjì, tó ń fẹ̀ láti di táyà mú, kò tíì jẹ tán. Irin kékeré tó máa ń yí láti ṣí wọn ni ìṣòro: ó ti dípẹtà mọ́ inú ihò rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ó ń ṣí wọn. Bí èèyàn bá jọ̀ọ́ sílẹ̀, kì í padà sáyè rẹ̀ mọ́.

Ó kán ọ́ìlì sí i, ó fi ìtì igi kékeré gbá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde, ó wá fi sánpépà ha á. Ìpẹtà ń bọ́, irin ń dán. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé bàbá ti dìde nídìí àga. Ó ti rọra rìn dé etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí àkàsọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára irin yẹn.

Ìmọ́lẹ̀ ṣí agolo gíríìsì, ó fi ìka bù ú, ó bù ú dáadáa. Ọ̀pá bàbá dún nílẹ̀.

“Papa, na wetin?”

Ọ̀pá tún dún. Ẹnu bàbá ń ṣiṣẹ́, ọrùn rẹ̀ ń le, àmọ́ ohunkóhun kò jáde. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ní ohun tó fẹ́ sọ gan-an, àánú rẹ̀ sì ṣe ọmọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rántí ohun tí dókítà sọ. Ó ń wá ọ̀rọ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n fi gíríìsì kún un ni?”

Bàbá bojú jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ mọ ìbojújẹ́ yẹn láti kékeré.

“Kùn,” bàbá wí.

Ìmọ́lẹ̀ gbójú sókè. Gíríìsì wà lórí ìka rẹ̀.

“Kùn ún,” bàbá tún wí. Ohùn náà wúwo, ó há, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ṣùgbọ́n àmì ohùn rẹ̀ pé.

Kíkún ni ọmọ wí, kíkùn ni bàbá fẹ́. Bí gíríìsì bá pọ̀ jù, á yọ́ sára bíréèkì súù, bíréèkì kò sì ní mú mọ́. Àmọ́ Ìmọ́lẹ̀ mọ̀ pé tìtorí irin nìkan kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; bàbá òun kò lè jókòó síbẹ̀ kí ohùn ọ̀rọ̀ wọ́ lójú rẹ̀. Kò pariwo. Ẹ̀rù ń bà á kí ọ̀rọ̀ náà má sá padà. Ó nu gíríìsì tó pọ̀ jù kúrò, ó fi ìwọ̀nba tó kù pa irin náà lára.

“Mo ti kùn ún, sà,” ó wí. Omi ti kún ojú rẹ̀.

Bàbá mi orí pé ó dáa.

Ìmọ́lẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà, ó kán ọ́ìlì sínú kébù bíréèkì, ó gbé iwájú alùpùpù sókè, ó sì fi ọwọ́ yí táyà. Ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, kò fara kan nǹkan kan.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ àti Ovunda wọlé, ó gbìyànjú láti fi Pijin ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò rọrùn, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì ò yàtọ̀ létí ìyá rẹ̀. Ìyá náà fẹ́ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

“Kún,” ó wí.

“Kùn,” bàbá dá a lóhùn.

Ìyá jókòó sórí àkàsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi etí aṣọ bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní èdè Ikwerre.

Ovunda gun alùpùpù dé ẹnu géètì, ó tẹ bíréèkì, ó jọ̀ọ́, ó rí i pé ó gbọ́ràn. Ó padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìmọ́lẹ̀ tọkàntọkàn. Ìmọ́lẹ̀ ní kó má dúpẹ́. Ká ní kò wá gbé alùpùpù ni, ta ni ì bá fọwọ́ kan bíréèkì yẹn?

Lẹ́yìn tí Ovunda lọ tán, Ìmọ́lẹ̀ fọ ọwọ́, ó gbé àpótí ìjókòó wá sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ronú pé kí òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kí bàbá lè tún sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí ló fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì? Àṣìpè tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè gbé bàbá dé ọdún tó ń bọ̀.

Ó sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá.