Ìyá Seijiro Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin

Ọ̀rọ̀ tí Tose sọ sí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí abiyamọ ń sọ. Lọ́jọ́ tí Seijiro gé irun jagunjagun tí baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀ ń dì sí àtàrí, tó wọ ṣòkòtò òyìnbó wọlé, tó ní ìjọba tuntun ti yan òun láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ lókè òkun, ìyá rẹ̀ kàn wò ó ni. "Ọmọ tí mo bí ti kú," ló wí. "N ò mọ ìwọ yìí rí." Ọmọ náà foríbalẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun Seijiro máa ṣí ní Yokohama, Tose gbé ìrẹsì síwájú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé ọkọ rẹ̀ sí, ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kí ni yóò sọ? Pé òun ti pe ọmọ tí wọ́n jọ bí ní òkú? Bí omi bá gbé ọmọ náà lọ ńkọ́? Ó fi ìrẹsì sílẹ̀, ó jáde. Ọ̀sán ni ọkọ̀ máa ṣí, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sì ni Yokohama sí ilé rẹ̀ ní Edo, tí àwọn aláṣẹ tuntun sọ di Tokyo. Ohun kan ṣoṣo ló lè gbé e débẹ̀, ohun dúdú tó ti búra pé òun ò ní fojú kàn.

Gonroku ló kọ́kọ́ rí i ní ibùdókọ̀. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí fi gbé àwọn èèyàn lé èjìká lọ sí Yokohama, kí ọkọ̀ ojú irin tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá wo ọ̀tá rẹ̀.

"Háà! Ìyá Seijiro! Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ ò ní fojú kan ọkọ̀ oníná àwọn òyìnbó?"

"Gonroku, panu ẹ dé, kó o fi ibi tí wọ́n ń gbà wọlé hàn mí. Seijiro ń lọ lónìí."

Àwàdà kúrò lójú ọkùnrin náà. "Ẹ yáa tètè, mà. Ó ti ń mí, ẹ ò gbọ́ ni? Mo gbé ọlọ́tí tó sanra bí àgbá rí, mi ò mí tó báyẹn."

Tose dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó rí pákó ilẹ̀ tó ń dán. Ta ni ọmọlúwàbí tó ń wọ bàtà wọlé onílé? Ó bọ́ bàtà onígi rẹ̀, ó tò wọ́n sórí pèpéle, ó kọ imú wọn síta, kó lè rọrùn láti wọ̀ bó bá ń jáde. Àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bí wọ́n ṣe wọlé, fèrè ké, ọkọ̀ ṣí.

"Bàtà yín! Ìyá, bàtà yín o!" Gonroku gbé e, ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tí gbogbo Edo mọ̀ sí ẹsẹ̀ eré kò bá a dé ìparí pèpéle.

Tose kò gbọ́. Òkun ló ń wò. Lórí òkúta tí wọ́n kó sínú òkun gan-an ni wọ́n to irin sí, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ọkọ̀ sì ń sáré láàárín wọn! Wọ́n gba orí afárá la odò ńlá kọjá, kò sí ọlọ́kọ̀ ojú omi tí wọ́n dúró dè. Kawasaki, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti sùn mọ́jú nígbà kan torí pé ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, ti kọjá kó tó nu ojú rẹ̀ tán. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ dùn, kò mọ èyí tó ṣáájú. Ṣé ohun tí ọmọ yìí rí nìyí, tí òun fi pè é ní òkú?

Ní Yokohama, ó bọ́ sílẹ̀, kò sí bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ lásán ló fi ń tẹ òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí etíkun, ó ń tiro, òòrùn sì ń gun òkè. Ìgbà tó débẹ̀, ọkọ̀ kékeré tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò lọ sínú ọkọ̀ ńlá ti kúrò létí omi. Yàtọ̀ sí atukọ̀, ọkùnrin méje ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn gé irun, gbogbo wọn wọ aṣọ dúdú, gbogbo wọn kẹ́yìn sí i.

Obìnrin ilé jagunjagun kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ ti ojú ogun dé, apá aṣọ rẹ̀ ló fi eyín dì mú títí ẹkún fi lọ. Ó wo ẹ̀yìn méje wọ̀nyẹn, ó fa èémí.

"Seijiro! Ọmọ mi! Ọmọ mi ni ẹ́ o!"

Àwọn alárù yíjú. Nínú ọkọ̀, ọ̀kan fò dìde, ọkọ̀ sì fẹ́ dojú dé.

"Jókòó, ọ̀dẹ̀! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Atukọ̀ ń bú u, Seijiro sì kọjú sí etíkun.

"Ìyá mi! Ta ló gbé yín wá láàárọ̀ yìí?"

"Ọkọ̀ ojú irin ni!" Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó gba orí òkun kọjá, Seijiro! Lọ kọ́ ọ! Kọ́ ọ dáadáa, kó o bọ̀ wá sílé!"

Seijiro kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi iwájú orí kan pákó. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́, ó ń pè é ní ọmọ títí ohùn rẹ̀ fi há.