Ewé Tó Wà Lára Ife

Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ka ìtàn ìdíje bọ́ọ̀lù náà nínú ìwé. Ara ife ẹ̀yẹ rẹ̀ la ti kà á. Bàbá wa ló ń fín orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó bá gba ife sí ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi jogún irin ìfín, èmi jogún àkísà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń nu ife yẹn. Mo ti nù ún débi pé bí oòrùn bá ràn sí i, àwọn àkùkọ àdúgbò á tún kọ, wọ́n á rò pé ilẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Òfin rẹ̀ kò gùn: ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé ló ń lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọkọ̀ ojú omi tó gbé ẹgbẹ́ kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Wọ́n bá òpó góòlù nìkan gbá bọ́ọ̀lù, òpó sì nà wọ́n ní méjì sí òdo. Lọ́dún kẹfà, ẹgbẹ́ méjì ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹta, ni wọ́n bá ju owó ẹyọ sókè kí wọ́n lè mọ ẹni tó borí. Owó náà yí wọ gọ́tà. Gbogbo ìgbìmọ̀, tàwọn ti ẹ̀wù kóòtù wọn, dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu gọ́tà. Ogun dé lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́rin kò lórúkọ. Lọ́dún kọkànlá, Bàbá fín ọ̀wọ́ ewé kan sókè orúkọ ẹni tó gbà á. Ìwé ìdíje ní ewé àlàáfíà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi Bàbá búra. "Bàbá wa kò ṣàṣìṣe rí. Bàbá lè fín orúkọ ìyá ẹ̀fọn sí eyín ẹ̀fọn, kí ẹ̀fọn má mọ̀."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Akọ̀wé ìdíje wá bá wa nínú yàrá kékeré tí wọ́n fún wa lábẹ́ ìjókòó òǹwòran. Ìró bàtà obìnrin yìí a máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ìfín ti wà báyìí," ó ní. "Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ fún yín. Àṣìṣe kan péré, ẹ̀rọ gbaṣẹ́."

"Ẹ̀rọ kò ní bàbá," ẹ̀gbọ́n mi fèsì.

"Kò sì ní àbúrò tó ń jẹ ẹ̀pà sórí ife." Ó wò mí. Mo gbé ẹ̀pà mì.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ la ní láàárín fèrè ìkẹyìn àti ìgbà tí ife á dé ọwọ́ balógun ẹgbẹ́, orúkọ kan sì ń gba ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá ti fi góòlù méjì ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi kì í dúró de fèrè. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún kí àṣekágbá ọdún náà parí, Ẹgbẹ́ Èbúté ti gbá méjì wọlé, Ẹgbẹ́ Awakùsà ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi fi irin lé fàdákà ìdí ife.

"Ẹ ò ní dúró díẹ̀ ná?" mo ní. "Awakùsà lè dá a padà."

"Awakùsà wo? Àwọn tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù wọnú òkun?"

Awakùsà gbá ọ̀kan wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú sókè. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ló ń fín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbá ìkejì. Ariwo náà ṣí fìlà lórí mi, títí dòní a ò rí fìlà ọ̀hún. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà wọ àfikún àkókò, ní ìṣẹ́jú kẹrin, Awakùsà gbá ìkẹta. Orúkọ Èbúté sì wà lára ife, ó ń dán.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé irin sílẹ̀. "Mo ti ba iṣẹ́ Bàbá jẹ́."

"Ẹ fi ewé bò ó, bíi ti ọdún kọkànlá."

"Ewé àlàáfíà nìyẹn."

"Ẹ yá mi ní àtàǹpàkò yín." Mo gbé e lé ewé Bàbá. "Ewé ò jìn tó lẹ́tà. Ẹ rọra kà á."

Ó di ojú. Orúkọ ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi lọ́dún kọkànlá ló wà lábẹ́ ewé, látorí dé ìdí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì tí mo gba àkísà."

"O ò sì sọ."

"Bàbá yín ni."

"Kì í ṣe tìrẹ náà ni?"

"Tèmi ló bí mi. Ó yẹ kí ẹ ti fi èmi mọ̀ pé ó máa ń ṣàṣìṣe."

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú irin rẹ̀. Ó fín ewé bo Èbúté mọ́lẹ̀, ó wá dá ọwọ́ dúró. "Bí Èbúté bá tún dá a padà ńkọ́?"

"Ife á di igbó nìyẹn."

Ó fín Awakùsà. Fèrè dún, mẹ́ta sí méjì. Bàtà Akọ̀wé dé, òun náà tẹ̀ lé e.

"Ewé kí nìyí?"

"Ẹ wo ọdún kọkànlá," mo ní. "Ẹgbẹ́ tó bá kú tó jí, Bàbá wa ní ká máa fi ewé dá a lọ́lá."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì gbé ife lọ. Títí dòní, ewé àjíǹde ni ìwé ìdíje ń pè é, ẹ̀rọ kò sì tíì dé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ pé Bàbá wa kò ṣàṣìṣe rí mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ewé fín bíi Bàbá.