Igun Tí Kì Í Ṣe Omi

Ẹ má bi mí pé báwo ni iṣẹ́. Ó rẹ̀ mí. Láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń fi ẹ̀rọ sikáànù wo inú ọrùn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò, kò sọ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, awakọ̀ tírélà. Kókó kan yọ sí i lọ́rùn, lábẹ́ etí òsì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á ní ilé ìwòsàn kan, omi ló jáde, kókó rọlẹ̀. Nígbà tó tún wú, wọ́n tún fà á, omi náà ni. Ló bá pe gbogbo ẹbí pé omi lásán ni, òun ti bọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Omi lásán kẹ̀! Abẹ́rẹ́ tí kò ríran, tí ẹ̀rọ kò tọ́ sọ́nà, ibi tó bá rọ̀ ló máa wọ̀. Ẹran tó lè wà nídìí omi náà, ta ló wò ó? Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún fi ìyàwó rẹ̀ sí i, kó tó gbà láti wá.

Ọjọ́ tó wá, ó ti rẹ gbogbo wa tẹnutẹnu. Èrò kún bẹ́ǹṣì ìta, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ kò wá, èmi fúnra mi ni mo wá gbé ẹnu ẹ̀rọ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn. Dọ́kítà wa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló mú abẹ́rẹ́. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má sọ̀rọ̀, kó má gbé itọ́ mì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti gbọ́, ó tún ń ṣàlàyé bí òun ṣe gbọ́ ọ. Mo ní kó panu mọ́. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo jí táyà rẹ̀.

Mo rí abẹ́rẹ́ náà lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń lọ, funfun tín-ín-rín, tó ń yẹra fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó. Ó wọ inú omi. Sírínjì kún. Dọ́kítà ní ó tó, òun á fi omi náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí omi ṣe tán, ohun kan tó tó ẹ̀pà ṣẹ́kù ní igun kókó, kò rọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Mo fi han dọ́kítà. Ó ní òótọ́ ni, ó yẹ kóun fa ibẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni ọrùn ló máa gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó jẹ́ nǹkan burúkú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ nǹkan burúkú, ó ti wà níbẹ̀ ná. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀."

Ó dùbúlẹ̀, ó yí ọrùn òsì sókè. Mo tún gbé ẹ̀rọ lé e lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ wọ igun náà, mo rí ẹnu rẹ̀ nínú ẹran gan-an. Ohun tí dọ́kítà tẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ fún àyẹ̀wò, kì í ṣe omi.

Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ ni. Dọ́kítà ní ọwọ́ ṣì lè tó o, pé ká dúpẹ́ pé a tètè rí i. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń bọ̀ mí lọ́wọ́ pé ojú mi mú. Mo jáde lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì. Kò wò mí.

Ó ní, "O jàre."

Láti kékeré ni mo ti ń bá a jà kó lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, kò sọ ọ́ rí. Mo jókòó tì í, mo sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ọ̀rọ̀ náà padà.