Omi Inú Igbá Mọ́gàjí

Ní agbo ilé Mọ́gàjí Fàsásì ní Bẹẹrẹ, ẹni tó bá mu omi nínú igbá Mọ́gàjí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò dá a. Kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n dá, kò sì gbọdọ̀ dìde lórí ẹní kí Mọ́gàjí tó dìde. Láti kékeré ni Tíṣà Àkíbù ti mọ òfin yìí. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ Àlàmísì tó ń gbà nítorí ọmọ rẹ̀ tó kú ti gbẹ ẹ́ lọ́fun. Bí ládàánì ti pe ìrun Màgáríbì, igbá tí wọ́n nà sí i ló gbà. Ó ti gbé e mì kó tó rí okùn pupa tó wà létí igbá náà.

"A ti rí adájọ́," ni Mọ́gàjí wí.

Inú tẹlifíṣàn tí Mọ́gàjí ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni ẹjọ́ ọjọ́ náà wà. Ìbò ti sún mọ́lé, àwọn olórí ẹgbẹ́ méjì fẹ́ bá ara wọn jiyàn níbẹ̀ ní èdè Òyìnbó. Agbo ilé náà kì í pín ìbò. Ẹni tí adájọ́ bá ní ó borí ni gbogbo wọn yóò dìbò fún.

Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń ṣe. Àwọn jàǹdùkú Ẹgbẹ́ Onífìtílà ló sì lu Gàfárù, ọmọ Àkíbù, pa nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn Mápó. Kò sí ẹni tó rò pé ẹjọ́ náà le.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n tẹ́ ẹní fún un síwájú tẹlifíṣàn. Kúbúrá, opó Gàfárù, jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé oúnjẹ ìṣínu bàbá ọkọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n bi í nípa omi ẹ̀rọ, ó pariwo. Wọ́n bi í nípa ilé ìwé, ó ń nu òógùn.

"Ẹ wo bó ṣe ń na ìka," ni Sìdí, ìyálé Mọ́gàjí, wí. "Kí ló ń sọ, Bàbá Gàfárù?"

"Ó ń bú ẹnìkejì rẹ̀."

"Ẹni tó yẹ kó bú náà ló ń bú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Onífìtílà kò gbé ohùn sókè. Ó sọ ibi tí omi ẹ̀rọ dé dúró ní Ìdí Arẹrẹ àti ohun tó dá a dúró. Ó sọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí tí wọn kò ṣe. Àkíbù ń túmọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń wúwo. Ó wá irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bó ṣe máa ń wá àṣìṣe nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì. Ó wá a tọkàntọkàn. Kò rí i. Ọkùnrin náà kò dárúkọ Mápó, ṣùgbọ́n Mápó kò sí nínú ìbéèrè. Gàfárù fúnra rẹ̀ ti jókòó ní kíláàsì bàbá rẹ̀ rí, ó fìdí rẹmi, bàbá rẹ̀ sì kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mọ́gàjí pa tẹlifíṣàn. "Tíṣà, a ń gbọ́."

Àkíbù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá ní Ẹlẹ́ṣin ló borí, gbogbo ilé ni yóò dúpẹ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Òyìnbó tó láti já a nírọ́.

"Onífìtílà ló borí," ló wí.

Mọ́gàjí rẹ ohùn sílẹ̀. "Ààwẹ̀ ti tán yín lókun. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un sọ."

"Onífìtílà ni."

"Ṣé orí òkú ọmọ yín lẹ ti ń sọ èyí?" ni Sìdí bi í.

"Wọn ò bi mí léèrè ìyẹn."

Kúbúrá dìde. Ó rọra gbé abọ́ oúnjẹ náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣí i. "Bàbá, ẹ jẹun," ló wí, bó ṣe máa ń wí lójoojúmọ́, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Àkíbù gbọ́ nígbà tó ti ìlẹ̀kùn láti inú.

Ó fẹ́ tẹ̀ lé e. Ó gbé ọwọ́ lé ẹní láti dìde, ó sì rántí. Ó wo Mọ́gàjí.

Mọ́gàjí fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà. Kò dìde.