Ọjọ́ Àtúnṣe

Aránṣọ àti irọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Oyèbọ́lá tó ń ránṣọ l'Ágbowó náà ti pa á títí: "Ẹ wá lọ́la, ó ku bọ́tìnì." Bẹ́ẹ̀ kò tíì gé aṣọ ọ̀hún! Ojoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń bú u, títí Kòfowórọlá, olùkọ́ yunifásítì kan tó máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀, fi gbà á nímọ̀ràn.

"Bọ́lá, iṣẹ́ tó bá jọra, kó wọn jọ. O ò lè gé kan, kó o rán kan, kó o tún dìde lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ ọ̀kan. Ibi tí àsìkò ẹ ń bá lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ya Ọjọ́ Ajé sọ́tọ̀ fún gígé nìkan, ó ní ọjọ́ rírán, ọjọ́ bọ́tìnì àti síìpù, ọjọ́ lílọ̀. Aṣọ àtúnṣe, tí kì í mówó gidi wá, inú báàgì ńlá kan ni gbogbo ẹ̀ ń wọ̀, ó di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ká sòótọ́, ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Èébú dáwọ́ dúró, Oyèbọ́lá sì ń rí oorun sùn.

Ìyá ẹ̀ ń dá gbé ní Móníyà látìgbà tí bàbá ti kú. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù, Màmá wọ mọ́tò wá, ó mú bùbá kan dání.

"Bọ́lá mi, eléyìí ti tóbi jù fún mi. Bá mi gbà á sínú."

Oyèbọ́lá ò gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ fi pín-ìnnì mú ibi tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú báàgì yẹn. Tó bá dọjọ́ àtúnṣe, mo máa ṣe é."

Màmá dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó fi pín-ìnnì mú un, ó sì lọ. Ó tún mú òmíràn wá, ó tún mú ẹ̀kẹta. Èsì kan náà ló gbà. Ẹlòmíì tó bá gbé àtúnṣe wá, Oyèbọ́lá á dìde fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ìyá ẹni ńkọ́? Ìyá ẹni kì í bínú, àbí?

Sátidé náà pé. Oyèbọ́lá da báàgì sílẹ̀, ó to bùbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra lórí tábìlì kó lè rán wọn pa pọ̀. Ibẹ̀ lọwọ́ ẹ̀ ti dúró. Ìwọ̀n kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ pín-ìnnì ara èkejì wọnú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín. Nínú oṣù kan ṣoṣo!

"Yéè! Màmá mi ń rù!"

Kò ti ṣọ́ọ̀bù tó fi sáré wọ mọ́tò Móníyà.

Orí ibùsùn ló bá Màmá. Ojú ti jìn, egungun èjìká ti yọ. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá ò fi bò: àìsàn náà ti wọra, ká ní wọ́n tètè wá ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Oyèbọ́lá kúnlẹ̀ tì í, omijé ń dà lójú ẹ̀. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Màmá ò bínú; ìyẹn gan-an ló dun Oyèbọ́lá jù. Ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹnu mi ò gbà á. Mo ní tí mo bá gbé bùbá dé, wàá dìde wọ̀n mí, wàá sì rí i fúnra ẹ. O ò wọ̀n mí, Bọ́lá."